Sítẹ́ríò ilé yín lè dùn ju báyìí lọ: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tówó rẹ̀ ò pọ̀

Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi mí jù lórí ẹ̀rọ orin inú ilé ni mo kó jọ síbí. Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, ọjà Alaba tó wà ní Ọjọ́ ni wọ́n sì ti ń rajà, nítorí náà ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ohun kan wà tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún gbogbo wọn: ẹ wá ẹni tí ẹ ó máa rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó wá ọjà. Ẹni tówó rẹ̀ pọ̀ lè ra èyí tó bàjẹ́, kó sì lọ ra òmíràn. Ẹni tówó rẹ̀ ò pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló máa rà á, ọwọ́ ẹni tó tà á fún un ni ìgbádùn rẹ̀ sì wà.

Kí ni ìyàtọ̀ hi-fi sí hóòmù tíátà tó wà ní pálọ̀ gbogbo èèyàn?

Fíìmù ni wọ́n ṣe hóòmù tíátà fún. Sípíkà kéékèèké márùn-ún àti sọ́búúfà kan, ìyẹn sípíkà béèsì, ló máa ń wà nínú páálí rẹ̀. Hi-fi, ìyẹn sítẹ́ríò tí wọ́n ṣe fún gbígbọ́ orin, ò nílò ju sípíkà méjì lọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àti ampilifáyà kan tó mọṣẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára. Owó tí ilé iṣẹ́ ì bá pín sí sípíkà mẹ́fà, orí méjì péré ló ń lò ó lé. Ìdí nìyẹn tí sípíkà méjì tó jẹ́ àlòkù fi lè dùn ju hóòmù tíátà tuntun tí iye owó wọn dọ́gba.

Owó ọwọ́ mi ò tó nǹkan. Kí ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀?

Ẹ má tíì pààrọ̀ ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí sípíkà yín wà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti pè mí, ọ̀kan máa ń wà lẹ́yìn àga, èkejì á wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Ẹ gbé méjèèjì sórí nǹkan tí kì í mì, kí tuwítà, ìyẹn sípíkà kékeré tó máa ń wà lókè, lè bá etí yín dọ́gba tí ẹ bá jókòó. Ẹ fà wọ́n kúrò lára ògiri ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì. Kí àlàfo àárín sípíkà méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àlàfo tó wà láti ara ìkọ̀ọ̀kan wọn dé ibi tí ẹ ń jókòó sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹ wáyà wò. Pupa gbọ́dọ̀ lọ sí pupa, dúdú gbọ́dọ̀ lọ sí dúdú, ní sípíkà méjèèjì. Tí ẹ bá so ọ̀kan lódì, béèsì á pòórá, olórin tó yẹ kó dúró láàárín gbùngbùn yóò sì dà bí ẹni tó fọ́n káàkiri yàrá. Mo ti rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ti náwó gidi lórí sọ́búúfà nítorí pé béèsì ò jáde, ó sì jẹ́ pé wáyà kan ṣoṣo ló lódì.

Tí gbogbo ìyẹn bá ti péye tí kò sì tíì tẹ́ yín lọ́rùn, sípíkà ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Ampilifáyà méjì tí ara wọn le, tí ẹ ò sì lò kọjá agbára wọn, máa ń sún mọ́ra gan-an létí. Sípíkà méjì tó yàtọ̀ síra kì í jọra rárá. Ká ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà (₦300,000) lẹ ní, mo máa ń sọ pé kí bí ₦160,000 nínú ẹ̀ lọ sórí sípíkà, kí ₦100,000 lọ sórí ampilifáyà, kí ìyókù wà fún wáyà àti ohun tó máa dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ iná. Ẹ lè máa fi fóònù tí ẹ ní lọ́wọ́ lu orin ná.

Ẹ má pààrọ̀ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣe yín lóore nínú wọn.

Ṣé tuntun ni kí n rà ni, àbí tòkúnbọ̀?

Ní ti ampilifáyà àti sípíkà, tòkúnbọ̀ ni mo fara mọ́ tówó bá kéré. Àwọn ampilifáyà tí Technics, Pioneer, Kenwood, Yamaha, Denon àti Marantz ṣe láàárín ọdún 1970 sí 1990 ṣì wà lọ́jà, tiransifọ́mà inú wọn tóbi, irin tí wọ́n fi ṣe wọ́n nípọn, ẹni tó mọ iṣẹ́ sì lè tú wọn kó sì tún wọn tò. Sípíkà Wharfedale, KEF, Mission àti Tannoy náà máa ń bá kọ̀ǹténà wọlé láti Britain. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà nínú páálí tuntun ní irú iye owó yìí, pátákó iná kékeré kan ló wà nínú wọn, tí ìyẹn bá ti jó, ó parí.

Ẹ rántí pé ọjọ́ orí wà lára wọn o. Kàpásítọ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú ampilifáyà àtijọ́, máa ń gbẹ. Fóòmù tó yí etí wúfà (sípíkà ńlá tó ń mú béèsì jáde) ká nínú ọ̀pọ̀ sípíkà àtijọ́ máa ń rà lẹ́yìn bí ọdún 15 sí 20, ooru àti ọ̀rinrin tiwa níbí kì í sì í ràn án lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe etí rẹ̀ máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ CD tòkúnbọ̀ ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ nífẹ̀ẹ́ sí, nítorí iná léésà inú rẹ̀ máa ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fo orin. Abẹ́rẹ́ gíráámù ní tirẹ̀, tuntun nìkan ni kí ẹ rà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ oníṣòwò tó ṣeé fọkàn tán?

Àkọ́kọ́ ná, kì í ṣe ẹni tó pàdé yín lójú ọ̀nà. Lẹ́nu ọ̀nà ọjà ńlá gbogbo, àwọn kan wà tí wọn ò ní ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n bi yín pé "Kí lẹ fẹ́ rà?" kí wọ́n sì fà yín lọ síbi tí wọ́n ti ń gba owó ẹ̀yìn. Owó ẹ̀yìn yẹn, orí ọjà yín ni wọ́n máa gbé e lé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti rà kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù náà.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ gbọ́ ìbéèrè tó máa bi yín. Ẹni tó mọ iṣẹ́ máa fẹ́ mọ bí pálọ̀ yín ṣe tóbi tó, irú orin tí ẹ ń gbọ́, ohun tí ẹ ti ní nílé, àti irú iná tó wà ládùúgbò yín. Ẹni tó kàn ń sọ pé "èyí ló ń jáde báyìí" fẹ́ ta ohun tó wà nílẹ̀ ni. Ẹ bi í ní ohun kan tí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀, bíi iye fóòtì iná tí ẹ̀rọ náà ń lò, kí ẹ wo bóyá á sọ òótọ́ tàbí á dá kinní kan sílẹ̀.

Ẹ wò ó bóyá ó ní tábìlì tí wọ́n ti ń tún nǹkan ṣe, bóyá ẹnjiníà tirẹ̀ wà nítòsí tó ń jo wáyà pọ̀, tí mítà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ń tún ọjà ṣe kó tó tà á àti ṣọ́ọ̀bù tó kàn ń nù ún kì í ṣe ẹgbẹ́. Ẹ ní kó ṣí ìdérí ampilifáyà kí ẹ wo inú. Kò sí ìdí tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ fi máa kọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni títú ìdè irin mẹ́rin tàbí mẹ́fà máa gbà.

Àmì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni kí oníṣòwò sọ àléébù ọjà ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ bi í. Ọ̀gá tí èmi ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ fún mi nígbà kan, owó ti wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Apá òsì rẹ̀ máa ń dákẹ́ tó bá ti gbóná. Mi ò tíì rí ohun tó ń ṣe é. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Owó tó yẹ kó wọlé fún un lọ́jọ́ yẹn ló yọ̀ǹda. Láti ìgbà náà, tó bá pè mí pé sípíkà kan dé tí etí mi máa fẹ́, mo máa ń dìde lọ.

Ẹ má fi ọjà ńlá bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra wáyà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí abẹ́rẹ́, tàbí kí ẹ gbé rédíò kan fún un kó tún un ṣe. Ẹ ó rí bó ṣe ń mú àdéhùn ṣẹ, bó ṣe ń gbé fóònù, àti bó ṣe máa ń dáhùn nígbà tí nǹkan ò bá lọ dédé. Tó bá yá, ẹ nájà, nítorí pé ọjà ni, ṣùgbọ́n ẹ fi èrè sílẹ̀ fún un. Ẹni tí ẹ fún lọ́rùn títí tí kò fi jèrè kankan lára yín kò ní rántí yín nígbà tí ojúlówó bá wọlé.

Mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ni kí n ṣe kí n tó sanwó?

Ẹ mú orin tí ẹ mọ̀ dunjú dání, kì í ṣe èyí tí wọ́n máa ń fi pe èrò. Èmi máa ń mú àpàlà àti jùjú tí wọ́n gbà sílẹ̀ dáadáa. Ẹ tẹ́tí sí gángan: ṣé ẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ, tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè tó ń wálẹ̀ láìfọ́, àbí gbì-gbì-gbì lásán ló ń dún? Tí ìlù ò bá ti lè sọ̀rọ̀, àárín ohùn sípíkà yẹn ti bàjẹ́, ohùn olórin náà ò sì ní mọ́ níbẹ̀. Ẹ wá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀: ó yẹ kí ẹ gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó ń lu ara igbá, kì í ṣe ariwo tó ń ta etí. Ti béèsì, ẹ gbọ́ agídìgbo. Tí irin kọ̀ọ̀kan rẹ̀ bá ní ohùn tirẹ̀, ó dáa. Tí gbogbo rẹ̀ bá ń dún bákan náà, àpótí ló ń pariwo.

Ẹ yí bọ́tìnnì ohùn láti ìsàlẹ̀ dókè láìyára. Tó bá ń ha, tó ń dún kra-kra, ìdọ̀tí ni, oògùn tí wọ́n ń fín sí i máa ń wò ó sàn, ẹ kàn lè fi dín owó kù. Ẹ yí bálánsì sọ́tùn-ún pátápátá, lẹ́yìn náà sósì, kí apá méjèèjì dún bákan náà. Ẹ dán gbogbo ihò ẹ̀yìn rẹ̀ wò, títí kan ti héádífóònù. Ẹ jẹ́ kó máa kọrin fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán, nítorí àìsàn ampilifáyà máa ń fara pamọ́ tó bá tutù. Ẹ gbé ọwọ́ lé orí rẹ̀: kó lọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú, ṣùgbọ́n kó jó yín lọ́wọ́ tàbí kó máa rùn, ìyẹn burú gan-an.

Ní ti sípíkà, ẹ yọ aṣọ iwájú rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ fóòmù etí wúfà. Tó bá fọ́ tàbí tó lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ó ti rà nìyẹn. Ẹ fi ìka méjì tẹ kóònù náà wọlé jẹ́jẹ́, kí agbára tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ dọ́gba lápá méjèèjì. Ó gbọ́dọ̀ lọ kó sì bọ̀ láìdún. Tí ẹ bá gbọ́ ṣíìṣíì, wáyà inú rẹ̀ ti ń ha irin. Ẹnjiníà lè fi mítà wọn óòmù rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná tó: sípíkà 8 óòmù sábà máa ń fi nǹkan bíi 6 tàbí 7 hàn, ìyẹn ò sì burú. Tí mítà ò bá gbéra rárá, wáyà ti já.

Ìdánwò kan tún wà fún ampilifáyà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ò mọ̀. Ẹ ní kí ẹnjiníà gbé mítà sí ibi tí wọ́n ti ń wọn iná bátìrì, kó fi kan ojú tí sípíkà ń so mọ́ lẹ́yìn nígbà tí orin ò sí. Òǹkà náà gbọ́dọ̀ kéré gan-an, kó má kọjá nǹkan bí 50 mílífóòtì. Tó bá jẹ́ fóòtì odindi ló ń jáde, ampilifáyà yẹn á jó sípíkà yín.

Wọ́n kọ wáàtì 10,000 sára èyí tí mo rí. Ṣé kò ní lágbára jù fún ilé mi?

Kò sí wáàtì 10,000 níbẹ̀. PMPO ni wọ́n ń pè é, òǹkà ìpolówó ni. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà padà, kí ẹ wo iye wáàtì tí wọ́n kọ pé ó ń fà láti ara iná. Tó bá jẹ́ 60 ló ń fà, ibo ni 10,000 á ti jáde? RMS, ìyẹn wáàtì tó ń mú jáde gan-an láìdáwọ́ dúró, ni kí ẹ máa béèrè.

Wáàtì tí ilé nílò kéré ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní 1978, ilé iṣẹ́ NAD gbé ampilifáyà kan tí wọ́n ń pè ní 3020 jáde, wáàtì 20 péré ló wà fún apá kọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ ò sì ga. Títí dòní àwọn èèyàn ṣì ń wá a. Láti wáàtì 20 lọ sí 40, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó) 3 péré lẹ fi kún un, etí á mọ̀ ọ́n lára díẹ̀. Kí ohùn tó dà bí ìlọ́po méjì létí, wáàtì gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, sípíkà tí wọ́n kọ 90 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì sí lẹ́yìn yóò ràn yín lọ́wọ́ ju ampilifáyà ńlá lọ: ìdajì wáàtì tí èyí tí wọ́n kọ 87 sí ń lò ló máa lò láti dún bákan náà.

Óòmù ńkọ́?

Bí óòmù sípíkà bá ṣe kéré tó ni iṣẹ́ ampilifáyà á ṣe pọ̀ tó. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sẹ́yìn ampilifáyà pé kí óòmù má dín ní 8, ẹ má so sípíkà 4 mọ́ ọn. Ẹ má sì kó sípíkà 8 méjì sójú ihò kan náà, torí 4 ni wọ́n dà yẹn.

Àbúrò mi ní Houston fẹ́ fi ampilifáyà àti gíráámù ránṣẹ́ sí mi. Ṣé kí n gbà á?

Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kó kọ́kọ́ ya fọ́tò ẹ̀yìn wọn. Iná tiwa jẹ́ fóòtì 230. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Japan jẹ́ 100. Tí ẹ bá ki èyíkéyìí nínú méjèèjì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé yín tààrà, tí fíúsì ò bá tètè jó, tiransifọ́mà inú rẹ̀ ló máa jó. Ẹ ní láti ra tiransifọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀, kí wáàtì tirẹ̀ sì ju ti ampilifáyà lọ dáadáa: tí ampilifáyà bá ń fa 300, ẹ ra ti 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan ní ibi tí wọ́n ti ń yí fóòtì lẹ́yìn, ìyẹn kò sì ní wàhálà.

Gíráámù ní ẹjọ́ tirẹ̀. Iná Amẹ́ríkà máa ń gbọ̀n ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa jẹ́ 50. Tiransifọ́mà kì í yí ìyẹn padà. Tí mọ́tò gíráámù náà bá ń gba ìwọ̀n eré rẹ̀ láti ara iná, àwo tó yẹ kó yí nígbà 33⅓ láàárín ìṣẹ́jú kan yóò máa yí ní nǹkan bíi 28, gbogbo olórin á sì máa fa ohùn. Èyí tí mọ́tò rẹ̀ ń lo iná bíi ti bátìrì, tàbí tó ń lo kúọ́ọ̀tì láti fi mú eré rẹ̀ dúró, kò níṣòro yẹn.

Àwọn tó ń ra ti Japan ní Alaba, ẹ wo rédíò inú rẹ̀ pẹ̀lú. FM ilẹ̀ Japan látijọ́ bẹ̀rẹ̀ láti 76, ó sì parí sí 90. Bond FM wà ní 92.9, Radio Lagos sì wà ní 107.5, nítorí náà ẹ ò ní gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Tó bá jẹ́ Britain ni ẹbí yín wà, ara tù yín. Fóòtì kan náà ni, ìgbọ̀nrìrì iná kan náà, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ńkọ́? Inverter àti jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?

Ìgbà tí iná bá dé ló léwu jù, kì í ṣe ìgbà tó bá lọ. Tí wọ́n bá mú un lọ, ẹ pa ampilifáyà, kí ẹ yọ ọ́ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tó bá dé, ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Sítébíláísà dáa níbi tí iná kì í ti í dúró lójú kan. Tí inverter lẹ ń lò, èyí tí wọ́n kọ "pure sine wave" sí ni kí ẹ wá. Irú kejì tówó rẹ̀ kéré jù á mú kí tiransifọ́mà máa kùn, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ nínú sípíkà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè tó ń wálẹ̀, iná rẹ̀ náà ń lọ sókè ń wálẹ̀ ni. Ẹ má fi lu orin láìsí sítébíláísà.

Tí ẹ bá ń gbọ́ hùùù nínú sípíkà kìkì ìgbà tí ẹ bá so dìkódà tẹlifíṣọ̀n mọ́ ampilifáyà, ẹ yọ wáyà díìṣì lẹ́yìn dìkódà wò. Tó bá dákẹ́, ibẹ̀ ló ti ń wá, ampilifáyà yín ò ní nǹkan kan.

Wáyà wo ni kí n rà?

Wáyà bàbà gidi, ìwọ̀n 1.5 (mm²) fún pálọ̀ kékeré, 2.5 tó bá jìnnà. Irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò tó rọ̀ dáa púpọ̀. Ẹ fi abẹ tàbí ọ̀bẹ ha ojú rẹ̀: tí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta wáyà olówó iyebíye fún yín, oníṣòwò yín pàápàá.

Bàbá mi fi àwo sílẹ̀, jùjú àti sákárà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kí ni mo nílò láti fi gbọ́ wọn?

Inú mi máa ń dùn sí ìbéèrè yìí, nítorí púpọ̀ nínú orin wọ̀nyẹn kò sí níbòmíràn, wọn ò tíì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì rí. Ẹ má jù wọ́n nù, ẹ má sì tò wọ́n lélẹ̀ léra wọn. Ẹ nà wọ́n ró bí ìwé, kúrò níbi oòrùn, torí àwo máa ń ká kò.

Gíráámù tí bẹ́líìtì ń yí dáa, bẹ́líìtì sì rọrùn láti pààrọ̀. Ohun tó máa ń dá àwọn èèyàn dúró ni pé iná tó ń jáde lára abẹ́rẹ́ gíráámù kéré jọjọ, nǹkan bíi mílífóòtì 5, nígbà tí ẹ̀rọ CD ń mú fóòtì 2 jáde. Tí ẹ bá so ó mọ́ ihò CD, kò ní dún ju bí ẹ̀fọn lọ. Ihò tí wọ́n kọ "Phono" sí lẹ́yìn ampilifáyà ló wà fún un, ọ̀pọ̀ ampilifáyà àtijọ́ sì ní in. Tí tiyín ò bá ní, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yẹn, owó rẹ̀ ò pọ̀. Ẹ má sì gbàgbé wáyà ilẹ̀ tó wà lára gíráámù, ẹ so ó mọ́ ìdè rẹ̀ kó má baà máa kùn.

Tí àwọn àwo kékeré tó wúwo, tó ń fọ́ bí àwo oúnjẹ bá wà níbẹ̀, 78 nìyẹn. Ipa tí abẹ́rẹ́ ń gbà lára wọn fẹ̀ ju ti LP, ìyẹn àwo tó dé lẹ́yìn wọn, lọ, abẹ́rẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò. Ẹ má ṣe lu wọ́n pẹ̀lú abẹ́rẹ́ LP.

Abẹ́rẹ́ tó ti jẹ máa ń ha àwo, ohun tó bá sì hà kò ṣeé dá padà. Ibí yìí ni mi ò ti ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ìfowópamọ́: tí ẹ ò bá mọ ọjọ́ orí abẹ́rẹ́ tó bá gíráámù wá, ẹ ra tuntun kí ẹ tó gbé àwo bàbá yín lé e.

Fóònù ni mo fi ń gbọ́ orin. Ṣé Bluetooth tó?

Ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Wáyà láti fóònù sẹ́yìn ampilifáyà sàn jù ú lọ, owó rẹ̀ sì kéré. Ohun tó ń ba orin jẹ́ jù ni fáìlì tí wọ́n ti fún mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ti pín láti fóònù dé fóònù. Sípíkà tó dáa á jẹ́ kí ẹ gbọ́ bó ṣe bàjẹ́ tó.

Pálọ̀ mi ń dún padà. Ṣé sípíkà ni?

Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ta padà, ilé ni. Ògiri búlọ́ọ̀kù, táìsì nílẹ̀, gíláàsì lójú fèrèsé: kò sí ohun tó ń mu ohùn níbẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì sáàárín sípíkà àti àga, ẹ fi kọ́tìnnì tó nípọn sí ojú fèrèsé, ẹ jẹ́ kí àga onítìmùtìmù àti àpótí ìwé wà níbẹ̀. Mo mọ àwọn tí èyí nìkan tó fún, tí wọn ò padà ra nǹkan kan mọ́.

Ṣé mo lè fi tàtijọ́ mi ṣe pààrọ̀, kí n sì fi owó lé e?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí mìíràn sì nìyẹn tó fi dáa kí ẹ ní oníṣòwò kan. Ẹni tó tà á fún yín mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó lè gbà á padà lówó tó dáa. Ẹ tọ́jú páálí, rìmóòtù àti rìsíìtì, wọ́n máa ń gbé iye rẹ̀ sókè. Tí ẹ bá fẹ́ san díẹ̀díẹ̀, ẹ kọ iye àti ọjọ́ sínú ìwé, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i.

Tó bá bàjẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ńkọ́?

Ẹ ti gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó. Ẹ bi í pé: "Ọ̀gá, ọjọ́ mélòó lẹ fún mi?" Ọ̀sẹ̀ méjì sí oṣù kan bójú mu fún tòkúnbọ̀. Kó kọ ọ́ sórí rìsíìtì, pẹ̀lú orúkọ ẹ̀rọ náà àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kó má baà sí àríyànjiyàn bóyá òun ló tà á. Òfin wà lẹ́yìn yín: òfin ọdún 2018 tí ìjọba àpapọ̀ ṣe láti dáàbò bo oníbàárà sọ pé kí ẹni tó ń ta àlòkù jẹ́ kó hàn gbangba pé àlòkù ni, kó sì fún ẹni tó rà á ní àkọsílẹ̀ ọjà. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ló ń gba ẹ̀sùn irú èyí.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pe oníṣòwò náà, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má tú ẹ̀rọ náà, ẹ má gbé e fún oníṣẹ́ míì kó tó rí i. Tó bá ní kí ẹ gbé e wá, kí ẹ fi ampilifáyà náà àti sípíkà kan sínú mọ́tò, torí nígbà mìíràn, nínú sípíkà tàbí wáyà ni àìsàn náà wà, tí ẹ bá sì gbé ampilifáyà nìkan lọ, ẹ ó ti dá ara yín padà sí ọ̀nà Badagry lẹ́ẹ̀mejì láìnídìí.